Pẹ̀lẹ́, Jẹ́ Kí A Jọ Lọ: Ipa Òbí Nínú Ìtọ́jú Ọmọ Tí Ẹ̀rù Ń Bà

   

Ìfáárà

Bí mo ti ń wo ojú yín, mo mọ ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀: kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọmọ tí ẹ̀rù ń bà? N kì í ṣe dókítà, n kò sì kọ́ ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀, ohun tí mo sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ìgbà náà kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n máa gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ, kí wọ́n sì máa gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ fi pa mọ́. Ìdí tí mo fi yan àkọlé yìí ni pé ìgbà kan wà tí ọmọ bíbí inú mi ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí èmi tí mo ń fi ọ̀rọ̀ jẹun kò sì gbọ́ ọ. Ìtàn náà ni n ó fi ṣáájú. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ ọmọ náà, tí ó ti di àgbà báyìí, kí n tó gbé e wá síwájú yín.

Inú Rírun Ọjọ́bọ̀

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọbìnrin mi nígbà náà. Ara rẹ̀ yá, ó sì fẹ́ràn ìwé. Ní sáà kejì nínú ọdún tí mo ń wí yìí, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún láàárọ̀. Ìyá rẹ̀ fún un ní omi gbígbóná mu. A fún un ní oògùn aràn. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn kò rí ibà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ ilé-ìwé bá sì ti kọjá lọ tán, inú rírun náà a pòórá, ọmọ a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré.

Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo pinnu lọ́kàn ara mi pé ọ̀lẹ ni, mo sì sọ ọ́ sí i lójú. Mo ní, "Inú tí ó mọ àkókò tí ọkọ̀ ilé-ìwé ń dé, inú ọlọ́gbọ́n ni." Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ, ó sì bì sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé.

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa ní àsìkò náà. Nígbà tí ó gbọ́ pé ọmọ bì, inú bí i sí mi. Ó ní, "Àkànní, gbogbo ìwé tí o kà yìí, kò kọ́ ọ ní àánú bí?" Láti ọjọ́ náà lọ, bí ọmọ bá ti di ikùn mú, ìyá mi a ní kí ó má lọ mọ́. A fi aṣọ bò ó, a sì po ògì fún un. Gbogbo wa rò pé ìfẹ́ ni a ń fi hàn án. Ṣùgbọ́n inú rírun tí ó jẹ́ ti ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀ di ti ọjọ́ méjì, kò sì pẹ́ tí ó fi di ti ọjọ́ mẹ́ta.

Olùkọ́ rẹ̀ ni ó là wá lójú. Ó ránṣẹ́ pè mí, kò sì bá mi wí. Ìbéèrè méjì péré ni ó bi mí. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ọjọ́ wo ni ó kọ́kọ́ máa ń ṣe é?" Ó tún ní, "Kí ni ó sọ fún yín pé ó ń ba òun lẹ́rù?" N kò rí ìdáhùn kankan fún un. Olùkọ́ ṣí ìwé tí ó fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ, ó sì fi hàn mí pé Ọjọ́bọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti ka ìwé Yorùbá sókè sí etígbọ̀ọ́ àwọn yòókù. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọmọ mi ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ gbà mí láyè kí n tún un sọ. Ọmọ olùkọ́ Yorùbá ni ó ń bẹ̀rù láti ka Yorùbá. Ẹ̀rín ni ó sì ń sá fún ní kíláàsì, tí èmi bàbá rẹ̀ tún wá fi ẹ̀rín pàdé rẹ̀ nílé.

Ẹ̀rù Nínú Èdè Wa

Nígbà tí ojú tì mí tán, mo padà sídìí iṣẹ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀nà tí èdè wa ń gbà sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rù. Mo rí i pé èdè wa ti mọ ohun tí mo gbàgbé.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí Yorùbá fi ẹ̀rù sí. A ní àyà wa já. A ní ọkàn wa kò balẹ̀. A ní orí wa wú, a ní ara wa bù máṣọ. Kò sí ìkan nínú ìwọ̀nyí tí kì í ṣe inú ara ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rù bá dé, ara a múra láti sá tàbí láti jà: àyà a máa lù kìkì, èémí a máa yára, ẹ̀jẹ̀ a fi inú sílẹ̀ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, oúnjẹ inú kò sì ní dà dáradára mọ́. Nítorí náà, ọmọ tí ó ní inú ń run òun ní òwúrọ̀ ìdánwò kò purọ́. Inú ń run ún lóòótọ́. Àwọn ọmọdé kò tíì ní ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi sọ pé ọkàn àwọn kò balẹ̀. Inú àti orí ni wọ́n mọ̀, inú àti orí ni wọ́n sì ń dárúkọ.

Èkejì, ẹ wo gbólóhùn náà fúnra rẹ̀: "Ẹ̀rù ń bà mí." Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ gírámà, kí ni olùwà gbólóhùn yìí? Ẹ̀rù ni. Kí ni àbọ̀ rẹ̀? Èmi ni. Nínú èdè wa, ènìyàn kọ́ ni ó ń ṣe ẹ̀rù. Ẹ̀rù ni ó ń ṣe ènìyàn. Ó wá láti ìta, ó bà lé wa, ó sì tún lè gbéra lọ. Ẹ wá fi èyí wé gbólóhùn kejì tí àwa òbí fẹ́ràn jù: "Ojo ni ọ́." Nínú ìyẹn, ẹ̀rù kì í ṣe àlejò mọ́. Ó ti di orúkọ ọmọ. Ọmọ tí a bá sì sọ ní orúkọ kan, yóò máa jẹ́ ẹ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kí a sọ fún ọmọ pé "ẹ̀rù ń bà ọ́" àti kí a sọ fún un pé "ojo ni ọ́" kéré létí, ṣùgbọ́n ó tóbi nínú ayé ọmọ.

Ọ̀nà Méjì Tí A Fi Ń Ṣìnà

Bí mo bá yẹ ìtàn ilé mi wò, ọ̀nà méjì ni a gbà ṣe àṣìṣe, mo sì gbàgbọ́ pé ọ̀nà méjèèjì kò ṣàjèjì sí ilé yín.

Ọ̀nà kìíní ni tèmi: yẹ̀yẹ́, ìbáwí àti ìhàlẹ̀. Ẹ̀rù kì í gbọ́ ìbáwí. Ọmọ tí a bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní yé bẹ̀rù. Yóò kàn yé sọ ọ́ ni. Ohun tí a pàdánù níbẹ̀ sì pọ̀ ju ọjọ́ ilé-ìwé lọ, nítorí ọmọ tí ó ti kọ́ láti fi ẹ̀rù kékeré pa mọ́ fún wa ní ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò fi ẹ̀rù ńlá pa mọ́ fún wa ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo fi kún èyí àṣà tí a fi ń fi ẹ̀rù tọ́ ọmọ: "Dákẹ́, ọlọ́pàá ń bọ̀." "Bí o kò bá jẹun, dókítà yóò gún ọ lábẹ́rẹ́." Ọjọ́ tí a bá wá fẹ́ kí ọmọ náà fi ara balẹ̀ níwájú dókítà, a ó máa yà wá lẹ́nu pé ó ń sá.

Ọ̀nà kejì ni ti ìyá mi, ó sì ṣòro láti bá a wí nítorí ìfẹ́ ni ó bí i. Òun ni kí a máa mú ohun tí ọmọ ń bẹ̀rù kúrò lọ́nà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fa òwe náà gùn díẹ̀. Ẹni tí ó ń sá fún ekòló ní gbogbo ìgbà kò lè súnmọ́ ọn tó láti rí i pé kì í ṣe ejò. Bí ó bá ti sá, ara a tù ú lójú ẹsẹ̀, ìtura náà a sì sọ fún un pé sísá ni ó gba òun là. Ní ọjọ́ kejì, ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá yóò tún jìnnà sí i. Báyìí ni Ọjọ́bọ̀ ṣe ran Ọjọ́rú, tí Ọjọ́rú sì ran Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nínú ilé mi.

Ohun Tí Ìwádìí Fi Hàn

Ẹ̀rí mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò. Ní 1924, obìnrin kan tí ó ń jẹ́ Mary Cover Jones, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìròyìn kan jáde nípa ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, tí ó pè ní Peter. Peter ń bẹ̀rù ehoro tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń bẹ̀rù òwú pàápàá. Obìnrin yìí kò fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì pa ehoro mọ́ fún un títí láé. A máa gbé ehoro wọlé nínú àgò rẹ̀ nígbà tí Peter bá ń jẹun tí ó fẹ́ràn, lọ́nà jíjìn kọ́kọ́, lẹ́yìn náà a sún un mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Ó tún mú àwọn ọmọ mìíràn tí kò bẹ̀rù ehoro wá bá a ṣeré. Ní ìgbẹ̀yìn, Peter fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ehoro lára. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà; díẹ̀díẹ̀ náà ni ẹ̀rù ń jáde.

Èkejì, ní Yunifásítì Yale, ní Amẹ́ríkà kan náà, Eli Lebowitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020. Ọmọ 124 tí ìbẹ̀rù ń dà láàmú ni ó wà níbẹ̀. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Ní apá kan, àwọn ọmọ fúnra wọn ni a bá sọ̀rọ̀ tí a sì tọ́jú. Ní apá kejì, àwọn òbí nìkan ni a kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ kò wá sọ́dọ̀ olùtọ́jú fún ìtọ́jú náà rárá. Ohun tí a kọ́ àwọn òbí ni pé kí wọ́n fi hàn pé ìrora ọmọ yé wọn, kí wọ́n fi hàn pé wọ́n gbà pé ó lè fara dà á, kí wọ́n sì máa dín àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá a sá kù. Àwọn ọmọ apá kejì sàn bí àwọn ti apá kìíní ti sàn. Ìyẹn ni pé bí òbí bá yí ìṣe rẹ̀ padà, ẹ̀rù ọmọ lè yí padà.

Ẹ̀kẹta kò jìnnà. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró, ní Abẹ́òkúta, tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Dípò kí wọ́n ti àwọn tí ọkàn wọn dàrú mọ́lé, a jẹ́ kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí kan a sì bá olúkúlùkù wọn wá. Àgbàlagbà ni ọ̀pọ̀ wọn, àìsàn wọn sì wúwo ju ẹ̀rù ọmọdé lọ. Síbẹ̀, ohun tí ó wà nídìí ètò náà wúlò fún wa: ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nílò ẹni tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Pẹ̀lẹ́, Jẹ́ Kí A Jọ Lọ

Mo wá dé ibi tí mo ń lọ. Ọgbọ́n tí òbí nílò wà nínú gbólóhùn méjì tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ wọ́n.

Gbólóhùn kìíní ni "pẹ̀lẹ́." Bí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ kọ lójú títì, ẹni tí ó wà ní òdìkejì a ké sí i pé, "Pẹ̀lẹ́ o!" Àwọn àlejò máa ń bi wá pé kí ló dé tí a fi ń tọrọ àforíjì fún ohun tí a kò ṣe. Kì í ṣe àforíjì. Ohun tí a ń sọ ni pé: mo rí i, mo mọ̀ pé ó dùn ọ́. A kò sọ fún un pé kò dùn, a kò sì sọ fún un pé kó má rìn mọ́. "Pẹ̀lẹ́" ni ó yẹ kí n ti sọ fún ọmọ mi ní ọjọ́ kìíní.

Gbólóhùn kejì ni "jẹ́ kí a jọ lọ." Nínú *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, ẹ̀ẹ̀mejì ni Àkàrà-ògùn dá wọ igbó. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, nígbà tí ọba rán an sí Òkè Láńgbòdó, kò dá lọ mọ́. Àwọn akọni bí Kàkó, Ìmọ̀dóyè àti Olóhùn-iyọ̀ bá a lọ. Fágúnwà kò sọ fún wa pé igbó náà kò léwu. Kò sì sọ pé kí wọ́n jókòó sílé. Àjọrìn ni ó fi dáhùn ìṣòro ọ̀nà. Bí "pẹ̀lẹ́" bá dá wà, ó lè di ti ìyá mi. Bí "ó yá, lọ" bá dá wà, ó lè di tèmi. Àwọn méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ rìn pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ṣe é.

Èkíní, mo bi í léèrè. N kò pè é wá síwájú mi bí ẹni tí ó ń rojọ́. A jọ ń ṣa ẹ̀wà ni, ojú wa wà nínú àwo, mo sì bi í pé, "Báwo ni Ọjọ́bọ̀ ti máa ń rí?" Mo dákẹ́. Ó pẹ́ kí ó tó fèsì. Àwa òbí kì í fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n inú ìdákẹ́jẹ́ ni ọmọ ti ń wá ọ̀rọ̀.

Èkejì, mo dárúkọ ẹ̀rù náà fún un, mo sì tọrọ àforíjì lórí ẹ̀rín tí mo rín. Mo ní, "Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé wọn yóò tún rẹ́rìn-ín. Pẹ̀lẹ́."

Ẹ̀kẹta, n kò ṣèlérí ohun tí n kò ní lágbára lórí rẹ̀. N kò sọ pé wọn kò ní rẹ́rìn-ín, nítorí bí wọ́n bá rín in, èmi ni n ó di òpùrọ́. Mo ní, "Wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá rín in, ìwọ yóò lè kà á dé òpin."

Ẹ̀kẹrin, a pín ọ̀nà náà sí ìṣísẹ̀ kéékèèké. Ó kọ́kọ́ ka ìwé rẹ̀ fún ògiri. Lẹ́yìn náà ó kà á fún ìyá mi, tí ó ti gbà pé kí a dán ọ̀nà tuntun yìí wò. Ó kà á fún èmi àti ìyá rẹ̀. Ó kà á fún àwọn ọmọ aládùúgbò méjì. Olùkọ́ rẹ̀ gbà kí ó ka ìlà mẹ́ta péré fún òun nìkan nígbà ìsinmi ọ̀sán. N kò jẹ́ kí a fo ìṣísẹ̀ kan, a kò sì padà sẹ́yìn nítorí pé inú ń run ún. Bí inú bá ń run ún, a ó ní, "Pẹ̀lẹ́," a ó sì máa lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ìgbìyànjú ni a yìn, a kò dúró de àṣeyọrí. Ìyá mi a sì máa fi oríkì rẹ̀ kí i láàárọ̀ kí ó tó jáde.

Ẹ̀kẹfà ni ó nira fún mi jù: mo ní láti tọ́jú ojú ara mi. Ojú òbí ni ìwé kìíní tí ọmọ ń kà. Bí àyà bàbá bá ń já lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, kò sí ọ̀rọ̀ tí yóò sọ tí ọmọ yóò gbà gbọ́.

Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọmọ mi dìde, ó ka ojú ìwé kan, ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ó sì jókòó. Olùkọ́ rẹ̀ sọ fún mi pé ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ó kà á dé òpin.

Ẹ̀rù Tí Kò Yẹ Kí A Sún Ọmọ Mọ́

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo ọ̀rọ̀ mi lódì. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rù ni a ń tì ọmọ wọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ń nà án nínà àjẹkú, tàbí pé àwọn ọmọ tí ó jù ú lọ ń gba oúnjẹ rẹ̀, tàbí pé àgbàlagbà kan ń fi ọwọ́ kàn án ní ibi tí kò yẹ, ẹ̀rù ọmọ náà tọ̀nà, ejò gidi ni ó rí. Iṣẹ́ òbí níbẹ̀ ni kí ó lé ejò náà lọ. Ìdí tí ìbéèrè fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ìṣísẹ̀ nìyí: ẹni tí kò bi ọmọ léèrè kò lè mọ ekòló yàtọ̀ sí ejò.

Bí ẹ̀rù bá sì pẹ́ lára ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí kò jẹ́ kí ó sùn, tí kò jẹ́ kí ó jẹun tàbí lọ sí ilé-ìwé, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ náà. A ti sọ orúkọ Aró di èébú ní ilẹ̀ wa, débi pé òbí a máa tijú láti wá ìrànlọ́wọ́. Ojú kì í tì wá láti gbé ọmọ tí ibà ń ṣe lọ sílé ìwòsàn. Kò yẹ kí ojú tì wá nítorí èyí náà.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí òbí tí ó lè lé ẹ̀rù kúrò láyé ọmọ rẹ̀. Ohun tí a lè ṣe ni kí ẹ̀rù má bàa bá a ní òun nìkan. Kí a rí i, kí a dárúkọ rẹ̀, kí a má sọ ọ́ di orúkọ ọmọ, kí a sì bá a rìn dé ibi tí yóò ti lè dá rìn.

Nígbà tí mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ mi láti sọ ìtàn yìí, ó gbà, ṣùgbọ́n ó bu àdéhùn kan lé e. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ má sọ fún wọn pé ẹ̀rù kì í bà mí mọ́ o. Bí mo bá dìde láàárín èrò, ohùn mi ṣì máa ń gbọ̀n. Mo kàn máa ń sọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ ni."

Mo ti mú àdéhùn náà ṣẹ.  Kí Olódùmarè bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa.